Bàbá Wílì Tó Ń Gbóòórùn Ọwọ́

Ìwé tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá Wílì dára. Tíṣà Adéníyì ló kọ ọ́, ó sì fi fọ́tò sí iwájú rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bí Bàbá, nílùú àwọn tó ń wa èédú. Pé wọ́n fi kẹ̀kẹ́ díje nígbà èwe wọn. Pé wọ́n di olùkọ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ nílé àti lókè òkun. Pé ìjọba ìpínlẹ̀ wa ló ránṣẹ́ pè wọ́n nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣì ń wọlé dáadáa. Pé wọ́n fẹ́ ìyá tó bí ìyá mi ní Odigbo, wọn ò sì padà sílé mọ́. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo kà á tán, mo bi Tíṣà pé Bàbá fúnra wọn dà nínú rẹ̀. Ó rò pé ẹkún ló ń dà mí láàmú.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò nìyẹn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ má wo àṣìṣe mi. Fọlákẹ́ ni orúkọ mi, ọmọ Dúpẹ́, Dúpẹ́ ọmọ Ìyá àgbà alépo. Bàbá Wílì kọ́ ló bí ìyá mi. Nígbà tí wọ́n dé ilé wa, mo ti dàgbà, mo ti lè dá odidi ìkòkò epo sọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ-ọmọ ni wọ́n ń pè mí, bàbá àgbà ni èmi náà ń pè wọ́n, títí ilẹ̀ fi gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

Imú wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Imú gígùn ni, oòrùn wa ti sọ ọ́ di pupa bí atarodo. Láràárọ̀, kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ tó gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á tò sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé wa, wọ́n á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, àtẹ́lẹwọ́ lókè. Bàbá á wá tẹ̀ síwájú wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbóòórùn ọwọ́ náà. Wọ́n ní kò sí ohun tí ọwọ́ kì í sọ: ẹni tó jẹ ẹja tán tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ẹni tí kò fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì rẹ̀ lálẹ́ àná, ẹni tó yà síbi tí kò yẹ. Bí ọwọ́ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn, "Sọ́bà," ìyẹn ni pé ó mọ́. Gbogbo àdúgbò gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn. Àwọn obìnrin tó ń fọ ìkòkò á gbé e sókè, wọ́n á ní sọ́bà. Gàníyù, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n gbé láti Ìwó wá síbí, fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ọwọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan kí Bàbá má bàa mọ̀ pé ó mu ògógóró. Bàbá gbóòórùn ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n gbóòórùn ti òsì, wọ́n wá wo ojú rẹ̀. Wọ́n ní, "Gàníyù, ọsàn wẹ́wẹ́ ti wẹ ọwọ́. Ta ni yóò bá wa wẹ ẹnu?"

Èdè Ìkálẹ̀ ni wọ́n gbọ́ jù, nítorí lẹ́nu Ìyá àgbà ni wọ́n ti kọ́ Yorùbá. Àwọn tíṣà tó wá láti òkè máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé òyìnbó tó sọ̀rọ̀ bí ará oko Ajue. Bàbá á ní àwọn tíṣà náà ló ń sọ̀rọ̀ bí ìwé.

Bí wọ́n ṣe pàdé Ìyá àgbà, ẹ̀rín ni. Nígbà yẹn, Ore ni Bàbá ń gbé, nílé tí ìjọba fún wọn. Ọmọ Ajue kan wà tó ń jẹ́ Akíntúndé, òun ló ń bá Ìyá àgbà gbé epo wá sí Odigbo lórí kẹ̀kẹ́, kẹ́ẹ̀gì méjì lẹ́yìn, ọ̀kan lórí irin iwájú, lójú ọ̀nà oko tó kún fún gegele. Bàbá wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ kan, wọ́n rí ọmọ yìí tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù yẹn tí kò sọ̀ kalẹ̀. Ni wọ́n bá tẹ̀ lé e. Nígbà tó dúró níwájú ilé wa, òyìnbó bẹ́ sílẹ̀, ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọmọ náà níṣu ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. Ìyá àgbà jáde pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́. Wolé-wolé ni wọ́n pè é, wọ́n rò pé ó wá wá ẹ̀sùn sí epo wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n bi dírẹ́bà pé kí lọ̀gá rẹ̀ ń wá lẹ́sẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Dírẹ́bà ní ọ̀gá òun fẹ́ mú ẹsẹ̀ náà lọ sí Ore.

Ìyá àgbà ní, "Sọ fún un pé epo ni mò ń tà. Mi ò ta ẹsẹ̀."

Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá, Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ra kẹ́ẹ̀gì epo kan. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n tún wá ra òmíràn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, àbúrò Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé irú iṣu wo ni òyìnbó yìí ń jẹ tó fi ń gbé epo tó báyìí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ọkọ àti aya nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni Akíntúndé ṣe di agunkẹ̀kẹ́. Nígbà tí èèyàn bá bi Bàbá pé kí ni wọ́n kọ́ Akíntúndé tó fi ń ya gbogbo èèyàn sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹni tó ru epo gun òkè tí kò dà á sílẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ kọ́ ọ? Mo kàn ní kó máa rántí láti mí èémí ni."

Ìjà tiwọn pẹ̀lú Ìyá àgbà, orí epo náà ló wà. Ẹ mọ bí àwa ṣe gba epo pupa sí níbí. Ọmọ tí gìrì gbé, epo ni. Ẹni tó gbé májèlé mì, epo ni. Àdá tó dípẹtà, ìlẹ̀kùn tó ń han, ara tó ń gbóná, epo ni. Ìyá àgbà máa ń sọ pé ohun tí epo ò bá rọ̀, ẹ jẹ́ kó le. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ lórí iṣu, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ rí i nítòsí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní epo wa máa ń gba erùpẹ̀ mọ́ra, ó sì ń dì lásìkò ọyẹ́. Kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń fọ ṣéènì, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á wá fi ẹyọ ọwọ̀ kan kán epo maṣíìnì ìránṣọ sí oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan péré. Lọ́wọ́ Bàbá Táíwò télọ̀ ni wọ́n ti ń gba epo maṣíìnì náà. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí fàráńdà wa: kẹ́ẹ̀gì epo níhìn-ín, kẹ̀kẹ́ lọ́hùn-ún. Bí ilé bá dákẹ́ jù, Ìyá àgbà á fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì kan kọjá ìlà díẹ̀ kí Bàbá lè sọ̀rọ̀. Wọ́n á jà títí oúnjẹ á fi jinná. Bí Bàbá ṣe ń parí ìjà náà kì í yí padà: "Epo tìrẹ fún inú, epo tèmi fún irin."

Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Kí ẹ má sọ pé mi ò gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn sójà gba ìjọba, tí ọ́sítẹ́rítì sì wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà láyé nígbà náà, ẹ rántí. Kò sí mílíìkì, kò sí ṣúgà, kò sí ọṣẹ. A máa ń tò sórí ìlà ní Ore láti ìdájí, sójà á sì máa rìn láàárín wa pẹ̀lú kòbókò. Mo rí Ìyá Ṣadé, abiyamọ, tí wọ́n nà nítorí pé ó kúrò lórí ìlà láti lọ tọ̀. Ẹ̀rù sójà wọ inú eegun mi láti ọjọ́ yẹn. Ìjọba kọ lẹ́tà sí àwọn olùkọ́ òyìnbó pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn ẹgbẹ́ Bàbá kó ẹrù wọn lọ sí pápá ọkọ̀ òfúrufú. Bàbá kó ìyókù tiwọn láti Ore wá sí Odigbo.

Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ kan, aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n gbé wá láti ìlú wọn. Òun ni wọ́n fi gba ife-ẹ̀yẹ nígbà èwe wọn. Inú pálọ̀ ni wọ́n gbé e kọ́, wọn ò jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Nígbà tí táyà àti túùbù wọ́n bí ojú, tí ṣéènì ò sí lọ́jà mọ́, Bàbá gbé àga, wọ́n gùn ún, wọ́n tú ṣéènì kẹ̀kẹ́ náà fún Sunday, agunkẹ̀kẹ́ kan láti Araromi-Obu. Lóṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n tú bíréèkì fún Gàníyù. Nígbà tó yá, wọ́n tú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà méjèèjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, fún Akíntúndé. Ohun tó kù lára ògiri dà bí eegun ẹja tí wọ́n ti jẹ tán. Ìyá àgbà bi wọ́n pé ṣé kò dùn wọ́n ni. Wọ́n ní, "Kẹ̀kẹ́ tó bá ń gbé lára ògiri, ògiri ló ń gùn ún."

Nǹkan kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ. Bàbá kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo to ìlà fún ṣúgà oníhóró fún àwọn agunkẹ̀kẹ́ lọ́sẹ̀ kan, ṣúgà náà sì pòórá nínú agolo. Bàbá pe gbogbo wa. Wọ́n ní ta ló jẹ ṣúgà. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọn ò bínú, wọn ò jẹun, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Sunday wá, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ni. Bàbá ki ọwọ́ sápò, wọ́n fún un ní hóró méjì tó kù. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti tán."

Mo ti ń yí i ká láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ síbẹ̀ wàyí.

Lẹ́tà dé láti Àkúrẹ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá dán àwọn agunkẹ̀kẹ́ wò, láti Ore dé Odigbo, kí wọ́n sì padà sí Ore. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní yóò lọ sí Èkó láti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lọ díje lókè òkun. Olùkọ́ rẹ̀ náà, wọ́n á dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Akíntúndé ni. Bàbá lọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n gbé e kọ́, wọ́n ń wò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, wọ́n fọ gbogbo ṣéènì, wọ́n sì kán epo maṣíìnì sí i. Wọ́n wá kó àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n gbàdúrà fún wọn. Èmi ń gbá fàráńdà, Káyọ̀dé àkọ́bí mi wà lẹ́yìn mi. Mo wo ṣéènì Akíntúndé, ó rí gbígbẹ lójú mi, ó funfun. Mo mọ̀ pé ìgò Bàbá Táíwò ti ń gbẹ. Mo sọ lọ́kàn mi pé kò dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni. Ọmọ tó ti ń gbé epo wa láti kékeré, ṣé ọ́sítẹ́rítì ló máa wá ṣe é ní irú ọjọ́ báyìí? Mo bu epo pẹ̀lú ìgbákọ Ìyá àgbà. Mo kọjá ìlà ṣọ́ọ̀kì. Mo ń yí pẹ́dà bí mo ṣe ń rí Bàbá tí wọ́n ń yí i, mo sì ń da epo sí i, mo dà á dáadáa, bí a ṣe ń ṣe é fún ẹni tí a fẹ́ràn. Ó kán sára irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí bíréèkì ti ń dì í mú. Mo fi etí ìró mi nù ún. Inú mi dùn.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí ọ̀bẹ. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Bàbá to àwọn ọmọ ní Ore, wọ́n ń gbóòórùn ọwọ́, òfìnkìn sì ti dí imú Bàbá. Wọ́n ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ṣéènì nígbà tí ọ̀gá sójà tó wá láti Àkúrẹ́ pariwo pé òun ò lè dúró de òyìnbó tó ń fẹnu ko èèyàn lọ́wọ́. Ó fọn fèrè. Wọ́n gbéra.

Èmi wà nídìí afárá tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo gbé omi dání fún wọn. Akíntúndé ló kọ́kọ́ yọ, kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ agbégilódò kan ti gba gbogbo ojú afárá. Mo rí Akíntúndé tó tẹ bíréèkì. Mo rí i tó tún un tẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó mọ̀ pé kò mú. Ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sínú gọ́tà. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì, ẹsẹ̀ tí òyìnbó lóṣòó tẹ̀ níwájú ilé wa.

Ọ̀gá sójà sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù rẹ̀. Ó fi ìka kan irin kẹ̀kẹ́, ìka náà pupa. Ó ní ta ló da epo ọbẹ̀ síbí. Bàbá di ìka náà mú, wọ́n gbé e sún mọ́ imú pẹ́kípẹ́kí, wọ́n sì gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wo gbogbo wa, ojú wọn dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì kọjá. Kòbókò wà lọ́wọ́ sójà. Káyọ̀dé wà lẹ́yìn mi.

Bàbá ní, "Èmi ni."

Ọ̀gá ní odidi olùkọ́ láti òkè òkun ló fi epo pupa sí kẹ̀kẹ́? Bàbá ní, "Èmi ni olùkọ́ wọn. Ohun tó bá wà lára kẹ̀kẹ́ wọn, ọwọ́ mi ni." Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Akíntúndé wà nílẹ̀, ó ń jẹ eyín pọ̀, ó sì gbọ́ ọ. "Èmi ni" yìí ló gbé lọ sí ọsibítù, òun ló sì gbé padà sí Ajue.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá pe wá: Ìyá àgbà, Sunday, Gàníyù, èmi. Wọ́n ní, "Ta ló fi epo sí ṣéènì Akíntúndé?" Wọ́n jókòó sórí àpótí. Sunday wo Gàníyù, Gàníyù wo Sunday. Mo ní ọmọ ń sunkún, mo wọlé lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ọmọ tó ń sùn. Nígbà tí mo yọjú, Bàbá ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n dìde, wọ́n sì lọ wẹ ọwọ́. Wọn ò béèrè mọ́ láé, wọn ò sì gbóòórùn ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìjọba ò pè wọ́n mọ́. Wọ́n di atúnkẹ̀kẹ́ṣe lẹ́bàá ọ̀nà ní Odigbo, wọ́n ń lẹ túùbù fún àwọn àgbẹ̀. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ajue lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti rí Akíntúndé. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyá rẹ̀ jáde tó ní ó ń sùn, lọ́sàn-án gangan. Ó wà lọ́wọ́ Bàbá láti sọ pé àwọn kọ́ ló fi epo síbẹ̀. Wọn ò sọ ọ́. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọ́n ṣì ń lọ. Wọ́n ní, "Ó lè jí lọ́jọ́ kan."

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí àìsàn dá wọn gúnlẹ̀, wọ́n ní kí n sún mọ́ wọn. Wọ́n ní, "Fọlákẹ́, nínú ilé yìí, ìwọ nìkan ló máa ń fi etí ìró nu nǹkan." Mo ní kí wọ́n sinmi. Wọ́n ní àwọn máa sinmi, èmi ńkọ́?

Lọ́dún méjì tó kẹ́yìn ayé Bàbá, Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lẹ́nu wọn. Orúkọ oúnjẹ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkíni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ mi. Èdè ìlú wọn nìkan ni wọ́n wá ń sọ, tọ̀sán-tòru, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ ní gbogbo Odigbo. Ọ̀rọ̀ tiwa kan ṣoṣo ló kù. Wọ́n á wo ojú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Akíntúndé." Mo máa ń ní ó ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo wẹ̀ fún wọn tán, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ìgbákọ, mo sọ ti ìlà ṣọ́ọ̀kì, mo sọ ti ọmọ tí kò sunkún. Wọ́n ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń gbọ́ òjò lórí páànù. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e sí imú. Ó pẹ́. Wọ́n ní, "Sọ́bà."

Àwọn tí mo sọ fún ní Bàbá dárí jì mí ni. Èmi ò gbà á. Ọṣẹ tí mo fi wẹ̀ fún wọn ni imú wọn gbọ́. Ẹjọ́ tí mo rò, etí wọn ò gbọ́ ọ mọ́. Mo ní ọdún tó lé ní ọgbọ̀n láti rò ó nígbà tí wọ́n ń gbọ́. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ò tán.

Akíntúndé ò wá síbi ìsìnkú. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ajue. Mo bá a nídìí àgbá epo, ọ̀pá rẹ̀ fara ti ògiri, irun orí rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ó ní, "Àǹtí Fọlákẹ́, ẹ káàbọ̀." Kò kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Mi ò jókòó. Bí mo ṣe kọ ọ́ síbí yìí ni mo ṣe sọ ọ́ fún un, lórí ìdúró.

Ó gbé ìgbákọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n wá síbí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Mi ò sùn. Ojú fèrèsé ni mo wà tí mò ń wò wọ́n." Mo ń retí kó bú mi, mo fẹ́ kó bú mi. Ó ní, "Ibo lẹ sin wọ́n sí?"

Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ jáde, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé mi dé Odigbo. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé ni a sin Bàbá sí. Akíntúndé wọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ títí ó fi dé ìdí sàréè. Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, àtẹ́lẹwọ́ lókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni ogún ọdún tó ń retí kó kan òun.

Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ tèmi wà nínú ìró mi.